Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀bù Mi Nínú Orin Ọmọ Mi

Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin ti kú, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Ládìpọ̀ mọ́. Àlòkù ẹ́ńjìnnì ni mo ń tà níbẹ̀. Orúkọ gbogbo àwọn tó wá sọ fún mi pé kí n mú un mọ́ra wà lọ́kàn mi, mi ò kàn ní kọ ọ́ síbí ni. Tọmọ náà gan-an, mi ò tíì lè pè é.

Wọn ò jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn débi tí wọ́n sin ín sí. Bó ṣe yẹ náà nìyẹn, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Àmọ́ bí òjò bá ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Sùúrùlérè, màá máa bi ara mi pé ṣé ó ń rọ̀ dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní Yábà gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi. Orin ni ọmọ mi máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, orin tí kò sí ohùn èèyàn nínú ẹ̀, kìkì fèrè, ìlù àti ìró irin. Orí ìtàn àwọn ará àtijọ́ ló máa ń gbé e kà. Ó ti ṣe ti Íjíbítì, ó ti ṣe ti Ifẹ̀.

"Dádì, èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ kó tó… èyí tó ṣe gbẹ̀yìn nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ."

"Kí ni ìtàn tiẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Òrìṣà obìnrin kan ní ilẹ̀ Bábílónì ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílùú àwọn òkú. Ẹnubodè méje ló gbà kọjá. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bọ́ nǹkan kan lára rẹ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀."

Mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó rí sàréè, ṣé inú orin ló máa ti wá wò ó? Ó ti ń pa kọ̀ǹpútà dé kí n tó sọ pé, "Jẹ́ kó dún."

Fèrè ló kọ́kọ́ dún, ó tín-ín-rín, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òun. Ni nǹkan bá ké: kííír… gbàgà! Mo mọ igbe yẹn. Ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ọmọ mi ti fi fóònù gba ìró ẹ̀ sílẹ̀ níṣojú mi nígbà kan, mo tún ń bú u pé kó yé ṣeré. Irin náà tún ké lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbọ́ ikọ́ ara mi lẹ́yìn ẹ̀. Àṣé èmi ni mo ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ẹnubodè tó kẹ́yìn, orin dákẹ́.

"Ṣé ó parí nìyẹn?"

"Kò parí, Dádì. Nínú ìtàn, obìnrin yẹn jáde padà. Ìró títi ilẹ̀kùn nìkan ni ọmọ yín gbà sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí n fi parí ẹ̀ fún un."

Ẹ̀rù tó bà mí ju tọjọ́ ìsìnkú lọ. Àwa tí wọ́n tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìtàn àkúdàáyà, òkú tó jáde tí kì í ṣe ẹni tó wọlé mọ́. Bí mo bá ṣí i, ta ni mò ń ṣí i fún? Bí mi ò bá sì ṣí i, ẹ̀yìn irin mi lọmọ mi máa wà.

Ọjọ́ kejì la lọ sí Ládìpọ̀. Àgádágodo ti dípẹtà, mo bá ń fi òkúta lù ú títí ó fi já. Ọkùnrin tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti dolè ni? Ṣọ́ọ̀bù ara yín lẹ wá ń fọ́!"

Ọ̀rẹ́ ọmọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, ó na fóònù sókè láti gba ìró náà. Mo dijú, mo fa ilẹ̀kùn náà.

Ó ké. Òórùn ọ́ìlì jáde sí mi. Mo dúró, mò ń retí ìró ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú òkùnkùn yẹn. Kò sẹ́nì kan.

"Mo ti rí i gbà, Dádì. Ẹ lè tì í padà."

Mo di irin náà mú, ọwọ́ mi kọ̀, kò fà á. Nígbà tí ọjà fẹ́ tú, mo bẹ ọkùnrin táyà yẹn pé kó bá mi tì í. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ojú títì ná, níbi tí ariwo ọkọ̀ ò ti ní jẹ́ kí n gbọ́ igbe irin náà.