Ìyókù Ọ̀rọ̀ Inú Káàdì

"Bí wọ́n bá pa ohùn èèyàn rẹ́ kúrò nínú káàdì kámẹ́rà, ibo ló ń lọ?"

Aránṣọ kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi. Kò wọlé. Mo ní kò lọ síbì kankan. Káàdì dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Bí a bá pa fídíò kan rẹ́, orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn nìkan ló ń nù. Ẹni tó wà nínú yàrá ṣì jókòó síbẹ̀, àfi tí àlejò mìíràn bá dé tí wọ́n ní kó jókòó lé e lórí.

"Ta ló ń mú àlejò wá?"

"Ẹni tó ń ya fídíò."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Ẹ-Wobí là ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí "ẹ wobí" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá ti gbé kámẹ́rà sójú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Inú rẹ̀ ló le. Nígbà tí bàbá wọn kú, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ń ru báàgì tẹ̀lé ọ̀gá ayàwòrán kiri, kí àbúrò rẹ̀ lè kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Lọ́jọ́ tí àbúrò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó gbàgbé ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ-Wobí kò gbàgbé.

Ìyá wọn bínú sí aránṣọ yìí nítorí ọkọ tó fẹ́, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí àìsàn fi dé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó ní kí Ẹ-Wobí ya òun, òun fẹ́ bá ọmọbìnrin òun sọ̀rọ̀. Àwọn méjì péré ló wà ní yàrá.

Lẹ́yìn ìsìnkú ló sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Màmá wà nínú káàdì òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

"Wá kúnlẹ̀ níta, kí o dúpẹ́ tí o jẹ mí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

"Ṣé ọ̀rọ̀ Màmá ló wá dọjà?"

"Mi ò tà á. Orúnkún ẹ ni mo fẹ́ rí."

Ó kọ̀. Ẹ-Wobí pa fídíò náà rẹ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kó má sunkún, pé ìyá oníkọ̀ǹpútà lè jí i dìde nígbàkígbà. Ìyẹn ló gbé aránṣọ wá bá mi.

Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Mo ní, "Yọ káàdì yẹn. Má fi ya nǹkan kan mọ́."

"Àyè pọ̀ nínú ẹ̀, ìyá. Ibòmíràn ni mò ń kó tèmi sí."

"Ìwọ kọ́ lo ń yan ibẹ̀. Kámẹ́rà ló ń yàn án, ibi tó bá sì ti ṣófo lójú ẹ̀ ló ń kó o sí."

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa dẹ́rù bani." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ibi ìgbéyàwó lọ.

Nígbà tó yá, àbúrò kò lè fara dà á mọ́. Ó wá kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúpẹ́.

"Sọ ọ́ sókè," ni Ẹ-Wobí wí. "Àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò gbọ́."

Ó tún un sọ. Aládùúgbò kan ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ-Wobí ní, "Ẹ má dá sí i. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ni."

Àwọn méjèèjì wá sọ́dọ̀ mi. Mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, mo wá a títí mo fi rí ibi tí fídíò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá yọ lórí ìrọ̀rí. Ó pọ́n ètè lá.

"Ọmọ mi," ó ní, "fetí sílẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé..."

Ojú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Ìyàwó tuntun kan bọ́ síbẹ̀, kéèkì wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wobí," ni ohùn Ẹ-Wobí ń wí nínú kọ̀ǹpútà.

Aránṣọ ní kí n tún un gbé sí i. Mo tún un gbé sí i. Ìyàwó tún dé. Aránṣọ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ dúró tì í. Kí ni Màmá sọ?"

Ẹ-Wobí ní, "Mi ò fetí sí i. Iná ojú kámẹ́rà ni mò ń wò. Bátìrì ti fẹ́ tán."

Àbúrò rẹ̀ dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọn iyanrìn tó kù lórúnkún rẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Èmi ti san tèmi," ó wí, ó sì jáde.

Ẹ-Wobí ṣì jẹ ẹ́ ní ìyókù gbólóhùn kan.