Ọjọ́ Tí Súlìyát Ní Òun Ò Gbọ́ Ìgbò

Súlìyát, aya Ìyàndá, pẹ́ ní Oníṣà débi pé Ìgbò ló fi ń ka yáàdì aṣọ fún oníbàárà. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Oníṣà ló ti mọ òwò ṣe. Ọkọ rẹ̀ ń ta ańkárá nínú ọjà ńlá etí odò, wọ́n sì háyà yàrá méjì nínú agbo ilé kan ní Woliwo. Mama Ekwi, obìnrin Ìgbò kan tó ń se oúnjẹ tà, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Ààrò kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Sìdíkàt, ọmọ Súlìyát, àti Ekwi, ọmọ obìnrin náà, jọ dàgbà ni. Bí àwọn ọmọ náà bá ń jà, Yorùbá ni Ekwi fi ń búni, Ìgbò ni Sìdíkàt fi ń dá a lóhùn.

Ní ìparí ọdún 1966, ìlú dàrú. Àwọn Ìgbò ń sá bọ̀ láti Òkè Ọya níbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, ọkọ Mama Ekwi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún kò sì sí lára àwọn tó padà. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn náà ń kó ẹrù wọn sọdá odò lọ sílé. Ìyàndá ti kó ọjà rẹ̀ ṣáájú lọ sí Ìbàdàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la kí Súlìyát lọ, Mama Ekwi wá bá a lẹ́nu ààrò.

“Mama Sìdí, mú Ekwi lọ fún mi,” ó wí. “Ó gbọ́ Yorùbá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí nǹkan bá rọlẹ̀, n ó wá mú un.”

Súlìyát ní kò burú. Ṣùgbọ́n kò lè sùn. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá ń yẹ àwọn èèyàn wò lórí afárá, wọ́n sì ń béèrè ọmọ ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìdájí, ó pọn ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré, ó fa Sìdíkàt lọ́wọ́, ó sì jáde. Kò kan ilẹ̀kùn Mama Ekwi.

Ogun dé, ogun lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, Àlájà Nàfísàt, olórí àwọn aláṣọ tí Súlìyát ń bá tà ní Gbági n'Ìbàdàn, háyà bọ́ọ̀sì kan. Ó ní kí àwọn lọ wo bóyá ọjà Oníṣà tún ṣeé ná, kí àwọn sì fojú ara àwọn rí ohun tí rédíò ń sọ.

“Ìyá Sìdí ni yóò mú wa kiri,” ó wí. “Òun ló mọ ìlú wọn.”

Súlìyát ní ara òun kò yá. Ìyàndá ló rọ̀ ọ́. “Ṣé o ò fẹ́ mọ̀ bóyá Mama Ekwi wà láàyè ni?” Súlìyát kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdájí yẹn fún un rí. Ó bá wọn lọ.

Ní Asaba, ìlú tó kọjú sí Oníṣà lódìkejì odò, wọ́n wọ fẹ́rì. Afárá ńlá náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n apá tó kángun sí Oníṣà ti já sínú omi. Àwọn obìnrin dìde láti wò ó, àwọn kan ń pa òṣé, àwọn kan ń na ìka. Súlìyát ń ṣàlàyé fún wọn: ibi tí ọkọ̀ ẹja máa ń gúnlẹ̀ sí rèé, ibi tí ọjà wà rèé. Ọjà náà ti jóná. Ògiri dúdú ló kù, àwọn kan sì ti ń fi páànù jíjóná kan àtíbàbà sáàárín rẹ̀, wọ́n ń ta ọṣẹ àti gaàrí. Wọ́n lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ọta ti lu ògiri rẹ̀. Bí Súlìyát ti ń dárúkọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run nínú kí ó má pàdé ẹni tó mọ òun.

Sọ́jà kan ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò lórùlé mọ́. Ó ti kó àwọn ohun ogun jọ sórí tábìlì nínú kíláàsì kan, àlejò tó bá sì wá, á ní kó wọlé wá wò. Ìbọn tí wọ́n fi páìpù omi rọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú bọ́ǹbù tó dà bíi korobá àti owó Bìáfírà tí kò ra nǹkan kan mọ́. Ní ìpẹ̀kun tábìlì, ìgò oògùn kékeré kan wà tí iyọ̀ kún dé ìdajì.

“Iyọ̀ di ọ̀wọ́n nígbà ogun; obìnrin kan ló so ó mọ́ ìdí bí ẹni so wúrà,” sọ́jà náà wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Súlìyát jáde síta, ó dúró sí ìdí ògiri títí wọ́n fi ṣetán.

Nígbà tí ebi ń pa wọ́n, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò, níbi tí àwọn obìnrin kan ti ń gún iyán, tí wọ́n sì ń se ọbẹ̀ ẹja tútù lábẹ́ páànù. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin tó gbé abọ́ wá ti gbẹ, wọ́n sì ti gé irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Súlìyát kò mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tó na ọwọ́ tí àpá iná gígùn kan yọ lápá rẹ̀. Súlìyát fúnra rẹ̀ ló tọ́jú ojú iná náà, lọ́dún tí ìkòkò omi gbígbóná dà nù ní ààrò wọn.

Mama Ekwi wò ó. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Ìgbò: “Ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà?”

“Ìyá Sìdí, kí ló wí?” Àlájà Nàfísàt béèrè. “Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn.”

Gbogbo wọn kọjú sí i. Orí tí wọ́n gé irun rẹ̀ yẹn ni Súlìyát ń wò. Bí òun bá dáhùn, dandan ni kí òun béèrè Ekwi.

“N ò gbọ́ ọ dáadáa, Àlájà,” ó wí. “Ó ti pẹ́. Mo ti gbàgbé.”

Mama Ekwi gbé abọ́ tó kù sílẹ̀ níwájú wọn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Pidgin ló sọ: “Una want more pepper?”

Iyán náà kúnná, ẹja náà sanra, òórùn ewé úzízà tí wọ́n fi se ọbẹ̀ náà sì gba gbogbo abẹ́ páànù. Àlájà ní òun kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí. Súlìyát náà jẹ tirẹ̀ tán, nítorí bí ó bá ṣẹ́ ẹ kù, wọn yóò béèrè ìdí rẹ̀.

Wọ́n ń padà lọ sídìí fẹ́rì ni ó ní òun gbàgbé ìborùn òun. Ó ní kí wọ́n máa lọ, òun yóò bá fẹ́rì tó tẹ̀ lé e dé. Ó bá Mama Ekwi nídìí abọ́ tó ń fọ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú yanrìn.

“Dìde. Aṣọ rẹ ń dọ̀tí.”

“Mo gbọ́ ohun tó o sọ,” Súlìyát wí ní Ìgbò.

“Mo mọ̀ pé o gbọ́.”

“Ekwi ńkọ́?”

Mama Ekwi ṣan abọ́ kan, ó dà á dé. “A sá lọ sí Ogidi, a tún sá kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a máa fi dé àgọ́ àwọn tí ogun lé, ebi ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nígbà òjò ọdún kejì ogun ló kú.” Ó mú abọ́ mìíràn. “Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti wẹ̀ fún un. Mo ti di ẹrù rẹ̀. Àwa méjèèjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń dúró dè ọ́. Mo rò pé ẹ ṣì ń sùn ni.”

“Ẹ̀rù bà mí. Mo ní wọ́n á sọ pé mo jí ọmọ gbé.”

“Ò bá kan ilẹ̀kùn kó o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ǹ bá bú ọ, ǹ bá sì tún sìn yín dé afárá.”

Súlìyát ń sunkún. Ó ní kó dárí ji òun. Mama Ekwi na korobá sí i. “Bu omi wá fún mi.” Súlìyát bu omi wá láti odò, wọ́n jọ fọ abọ́ náà tán.

Bọ́ọ̀sì ti ń dúró dè é ní Asaba, Àlájà sì ti ń bínú. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó sún, ó ṣe àyè fún un. Wọ́n ti rìn jìnnà kí Súlìyát tó lanu.

“Àlájà, mo gbọ́ Ìgbò. Irọ́ ni mo pa.”

“Kí wá ni obìnrin yẹn wí?”

“Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi.”

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ìyàndá padà sí Oníṣà lọ tún ìsọ̀ rẹ̀ kọ́, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ sì bá a lọ. Súlìyát ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ àti Sìdíkàt. Ìyàndá ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Sìdíkàt kò fẹ́ kí wọ́n gbé Woliwo mọ́. Ní àárọ̀, kí Súlìyát tó ṣí ìsọ̀, á sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò lọ bá Mama Ekwi họ ìpẹ́ ẹja. Lọ́jọ́ mìíràn, obìnrin náà á dáhùn kíkí rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀wọ́n ata. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní dá a lóhùn rárá, Súlìyát á sì fa àpótí jókòó, á mú ọ̀bẹ, á máa họ ẹja lọ.