Àgbà Kan Tí Kò Sí ní Ilé Ìkàwé

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Bí bàlúù bá ń kọjá lókè, ẹ jẹ́ kó kọjá tán. Àwa tí à ń gbé Cadjèhoun, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú Cotonou, ti mọ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró fún un. Mi ò ní kánjú, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn.

Àbúrò mi ọkùnrin ní ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Abomey-Calavi. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní sikolojí, ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo bi í pé ṣé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń parí.

Ó ní, "Kì í parí, Bàbá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí."

Ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú, àti bí àwọn obìnrin wa ṣe ń jókòó tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró, ẹnu àbúrò ìyá mi obìnrin ló ti gbọ́ ọ. Arúgbó ni, ó ń gbé lẹ́yìn ọjà Dantokpa, òun sì ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ nílé kan. Ohun tó sọ fún ọmọ náà ni pé: "Ẹ má sọ fún un pé kó dákẹ́. Ẹ jókòó síbi tí yóò ti lè fẹ̀yìn tì yín."

Ìwé àtìgbàdégbà kan lókè òkun gbà láti tẹ iṣẹ́ náà jáde. Inú gbogbo wa dùn, torí bí kò bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lọ́dún náà. Nígbà tó yá, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìtọ́kasí rẹ̀ kò bá ìlànà àwọn mu. Kó tún un ṣe kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó gbàgbé rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ ìtọ́kasí, bó ṣe rí nìyí. Bí o bá mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wọ inú iṣẹ́ rẹ, wàá dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó kọ ọ́. Ní ìparí, wàá to gbogbo wọn jọ: orúkọ ìdílé, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ, ọdún, àkọlé ìwé, ilé tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè tọ ọ̀nà yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ ọ́. Ó wù mí. Àwa tí à ń pìtàn náà kì í pa á láì sọ ẹnu ẹni tí a ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ọmọ náà wá ṣe é nílé mi, torí tábìlì mi fẹ̀. Ó ti tẹ àwọn ìtọ́kasí náà sórí bébà, ó sì gé wọn, ìwé kan sí ègé kan, kó lè rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná ṣe lọ báyìí, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò tó ní ẹ̀rọ amúnáwá. Èmi àti ìyàwó mi ní ká ràn án lọ́wọ́ kó tó dé. A to àwọn ègé bébà náà láti òkè tábìlì dé ìsàlẹ̀, ó gún régé.

Nígbà tó padà dé, ó wò ó títí. "Bàbá, báwo lẹ ṣe tò ó?"

"Bó ṣe yẹ. Àwọn tí ìwé wọn pẹ́ jù ló wà lókè, àwọn yẹn á ti kú. Àwọn àgbà tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọdé wà nísàlẹ̀."

Ìyàwó mi nawọ́ sí ègé kan. "Èyí kọ̀wé lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ jókòó sórí gbogbo wọn torí pé A ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Mo dá a padà sẹ́nu ọ̀nà."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Màmá, kò sí àgbà níbẹ̀. A, B, D nìkan ni àgbà."

"Oyè wọn ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n á wà nínú wọn, o ò kọ ọ́ síbẹ̀."

"A máa ń yọ ọ́ kúrò ni."

"Ẹ bọ́ fìlà lórí arúgbó, ẹ wá ní kó máa tẹ̀lé ọmọ àná," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ sì ní ọkàn ènìyàn lẹ̀ ń kọ́."

A tún un tò. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo tò ó. Ó wá ku ègé kan tí ọmọ náà dì mọ́wọ́. Orúkọ àbúrò ìyá mi ló wà lórí rẹ̀.

"Èyí gan-an ni ìṣòro wa," ó ní. "Olóòtú ní kí n yọ ọ́. Ohun tó bá wà ní ìparí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè rí kà. Ìyá Àgbà kò sí ní ilé ìkàwé kankan."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Ó wolẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni kan sọ ohun tó jọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀. Bí mo bá fi orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀, wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan. Oṣù ti ń lọ, Bàbá."

Mi ò bá a wí. Ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn, a kì í bá a jà lójú ọ̀nà. Mo kàn ní, "Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Jẹ́ ká lọ bi í bóyá ó máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn."

Ọ̀kadà tí à ń pè ní zẹmijan gbé wa dé ẹ̀yìn Dantokpa. Àbúrò ìyá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí i. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti fìlà tí wọ́n ń bọ́. Arúgbó náà kò dá ẹ̀wà rẹ̀ dúró.

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn, ṣé ó ti jókòó ti ọlọ́fọ̀ rí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá Àgbà. Kò sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀."

"Àyà rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó gba èèyàn?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Èmi náà kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló fi kọ́ mi ní Kétu, lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ mi. Ó jókòó sẹ́yìn mi, kò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn yẹn ní àwọn ò rí mi, ṣé wọ́n bèèrè mi ni? Sọ fún wọn pé mo wà. Sọ ibi tí mo wà, sọ ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún ọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó máa bọ̀."

 Ọmọ náà mú fóònù, ó ṣí ìwé ìlànà náà, ó ń wá inú rẹ̀ kiri. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Bàbá, àyè wà." Ó kà á fún wa. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu irú àgbà bẹ́ẹ̀, tí kò sí nínú ìwé kankan, kì í bá àwọn yòókù tò ní ìparí. Àárín iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: orúkọ ẹni náà, àwọn ènìyàn rẹ̀, ìlú tó ń gbé, ọjọ́ tó sọ ọ́, bó bá ti gbà kí wọ́n dárúkọ òun.

"Ṣé ẹ gbà, Ìyá Àgbà?"

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n má bọ́ gèlè mi o."

"Màá kọ ọ́ nínú gbólóhùn pé ìyá àgbà ni yín, kí n tó dárúkọ."

"Fi ìyá ọkọ mi sí i."

Ibẹ̀ ló jókòó sí tó tún un kọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Èsì dé kí oṣù tó parí: olóòtú gbà á, kò sì fọwọ́ kan gbólóhùn yẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe jáde, kálukú jogún tirẹ̀. Ọmọ náà gba oyè rẹ̀. Ìyá Àgbà gba ẹ̀dà ìwé náà kan, kò lè kà á, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kì í ní kó ka ibi tí orúkọ ìyá ọkọ òun wà. Èmi jogún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá to ìtọ́kasí lórí tábìlì mi. Ìyàwó mi ń fún wọn lóúnjẹ, ó sì ń bá wọn jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Àgbà sílé ọlọ́fọ̀ kan, orúnkún rẹ̀ kò gbà á. Ó ní kí ọmọ náà lọ. Ó lọ, ó jókòó sẹ́yìn ìyá náà, ìyá náà sì fẹ̀yìn tì í.