Ìrókò Inú Ògiri

Bàbá bàbá mi ló kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa ní Aládé, nígbà tí kòkó ṣì ń mówó wá. Kò sí irin nínú rẹ̀. Òpó ìrókò mẹ́jọ ni wọ́n kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀, wọ́n gbé igi àjà lé wọn, kí wọ́n tó fi amọ̀ dí àárín wọn. Igi ló gbé ilé náà dúró. Ògiri kàn bò ó ni.

Ìyá mi nìkan ló kù níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ti Àkúrẹ́ wá kí i, mo sì rí i pé ilẹ̀kùn òkè kò ṣeé tì mọ́.

"Òjò ló mú kí pákó wú," ni ìyá mi wí.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn la wà.

Mo pe káfíńtà kan. Ó ń ha amọ̀ díẹ̀ kúrò lára òpó kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òòlù kàn án, ó ń tẹ́tí. Méjì àkọ́kọ́ dún gbì. Ẹ̀kẹta dún bí akèrègbè òfìfo. Ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ọ̀bẹ wọlé dé èèkù. Nígbà tó fà á yọ, ìyẹ̀fun igi dà sí i lẹ́sẹ̀.

Kò pariwo. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀," ó ní, "lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rọra tẹ àtẹ̀gùn."

Nísàlẹ̀, ó kọjú sí ìyá mi. "Màmá, ẹ má sùn síbí mọ́. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Àkọ́rọ̀ òjò lè wó o."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ibí ni mo bí ọmọ mẹ́fà sí. Ibí lọkọ mi kú sí. Ilé tèmi ò ní pa mí."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Mo padà sí Àkúrẹ́. Nígbàkígbà tí mo bá pè é lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ ohun kan tó ń han kẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Mo bi í pé kí ni. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo purọ́. Mo ní àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, n kò rẹ́ni tọ́jú mi. Lọ́jọ́ kejì ló dé, tòun ti àgbo nínú ìgò. Ó bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, òjò ọ̀sán rọ̀. Aládùúgbò wa kan ní Aládé pè: ilé ti wó.

A lọ wò ó. Àtẹ̀gùn nìkan ló ṣẹ́ kù, kò gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Igi àjà kan ti já lu bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, ó sì là á sí méjì. Ìyá mi wò ó pẹ́. Kò dúpẹ́, n kò sì retí rẹ̀. Ó kàn di apá mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi wọ mọ́tò.