Àwọn Ará Ilé Bàbá Tàsnímù

Ní àdúgbò Aboabo, ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Àwọn wo ló wà nínú ilé?" Nítorí náà, ẹ má bá Sẹ̀kínátù tó ń fi ìrẹsì dín màásà tà wí pé ìbéèrè kan náà ló ń bèèrè nípa sàréè ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Múdàṣírù, ló lọ kí Tàsnímù ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ níbẹ̀, wọ́n sì sin ín kíákíá bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ìyàwó ò rójú rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tí kì í lè dá jẹun: bí kò bá rẹ́ni bá a jẹ túwó, á pe ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Òun ni wọ́n wá fi sáàárín àjèjì. Ohun tó ń dun Sẹ̀kínátù nìyẹn, kò sì jẹ́ kó sùn.

Bí Tàsnímù bá ti pè báyìí, kò sí ọ̀rọ̀ méjì. "Àwọn wo ló yí bàbá rẹ ká?"

Tàsnímù ń sọ fún un díẹ̀díẹ̀. Ó ní Makintọ́ọ̀ṣì lorúkọ àgbègbè tí wọ́n sin ín sí, ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà, létí òkun. Odò ńlá kan ń ṣàn wọ òkun níbẹ̀. Àbàtà lọ salalu, erékùṣù sì wà lẹ́yìn àbàtà. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ.

"Àwa tá a wà ní Aboabo níbí jù wọ́n lọ," ni Sẹ̀kínátù wí. "Ta ló máa wá kí i?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ń yí màásà lórí iná nígbà tí Tàsnímù pè.

"Màámi, mo ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibí. Wọ́n ní wọ́n kó àwọn baba ńlá àwọn lẹ́rú láti Áfíríkà wá síbí, kí wọ́n wá gbin ìrẹsì àti òwú. Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ìlà oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí kírun. Àwọn ìyá àgbà wọn á gún ìrẹsì, wọ́n á fi ṣúgà pò ó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sì pín in fáwọn ọmọdé. 'Àmín, àmín' ni wọ́n ń wí sí i."

Sẹ̀kínátù ò rántí iná mọ́. Màásà ń jó.

"Maame, ɛrehye!" Abena tí wọ́n jọ ń gbé ilé ló fi èdè tirẹ̀ pariwo látẹnu ọ̀nà pé ó ń jóná. Sẹ̀kínátù tẹ fóònù mọ́ etí.

"Wọ́n ń ṣe sàráà," ló wí. "Ta ló ń ṣe é fáwọn ìyá yẹn báyìí?"

"Bóyá kò sẹ́nìkan, Màámi. Ó ti pẹ́."

Sẹ̀kínátù sunkún, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ náà, kò ta màásà kankan. Ó ní kí Abena bá òun pe gbogbo ọmọ àdúgbò jọ wá gba màásà, òun fúnra rẹ̀ sì lọ pe Àfáà Fatawu kó wá ṣàdúà. Àfáà bèèrè orúkọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

"Múdàṣírù," ló wí, "àti àwọn ará ilé rẹ̀. Mi ò morúkọ wọn, Àfáà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dárúkọ gbogbo wọn fún Ọlọ́run, àwọn ni wọ́n gbà á sílé."