Ilé Olókùúta Tí Ìyàwó Mi Fi Dalẹ̀ Mi

Ọjọ́ tí ìyàwó mi dalẹ̀ mi níwájú àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá ìjọ wa ní àdúgbò Vickery Meadow, n kò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ìtàn sísọ fún àwọn ọmọ yìí nìkan ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ mi ní Dallas. Lọ́jọ́ náà, mo ń sọ nípa ilé olókùúta tí àwa méjèèjì gbé ní abúlé kan ní Scotland, kí a tó wá sí Amẹ́ríkà. Mo ní alájà mẹ́ta ni, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé màlúù lè sùn lójú fèrèsé, ọba kan sì ti fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n rí.

Ọmọbìnrin kan ní, "Grandpa, is that true?"

Ọkàn mi balẹ̀. Nílé tiwa, ìyàwó kì í bá ọkọ jiyàn lójú àlejò. Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, dá wọn lóhùn."

Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Fúnmi, màlúù wo? Ilé ilẹ̀ kékeré ni! Ojoojúmọ́ lẹ ń forí gbá àtẹ́rígbà rẹ̀!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ihò tí mo lè kó sí, n kò rí. Àbẹ̀kẹ́ wá ń ṣàlàyé pé àwọn ahunṣọ ló kọ́kọ́ lò ó, ó di ilé ìwé, ó tún di ilé ọtí kó tó kàn wá. Òtítọ́ lásán, kò níyọ̀ rárá! Síbẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n kọjú sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, òun ni tíṣà pè láti wá sọ ìtàn. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e lọ.