Màmá Ẹ̀dínwó Bá Dókítà Ná Abẹ́rẹ́

Kò sẹ́ni tó mọ Màmá Ẹ̀dínwó tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tó bá dókítà ná abẹ́rẹ́. Bàtà àlòkù ló ń tà nígbà ayé rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n dá iye lé tí kò ní ní kí wọ́n dín in. Jẹjẹrẹ ọmú ló gbé e dé ilé ìwòsàn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló wú bí ìrọ̀rí.

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ yín,” ni dókítà wí. “Abẹ́rẹ́ lẹ ó máa gbà lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́fà.”

“Oṣù mẹ́fà kẹ̀? Ẹ gba oṣù kan.”

“Màmá, a kì í ná an.”

“Ó dáa, oṣù kan àbọ̀. Torí pé ojú yín fani mọ́ra ni o.”

Dókítà mi orí. Ni Màmá bá gbé báàgì bí oníbàárà tí inú ń bí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè ráyè pè é padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó sìn ín wá tẹjú mọ́ àjà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé ẹ ò ní pè mí ni?”

“Tí ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn bá já, tó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró yín, ta ni màá pè?”

Màmá padà wá jókòó. “Mo gbà. Èènì ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà kò yé e. “Ọmú ló ṣẹ̀, kí ló kan ẹsẹ̀?” Àbúrò rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ: jẹjẹrẹ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí i lára náà ń dá kún un, ó sì tún jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́ nídìí bàtà.

“Àwọn mẹ́ta ló gbìmọ̀,” ni Màmá wí, “èmi nìkan ni wọ́n ń gún!”

Àbúrò yìí ló ń gún un níkùn nílé, bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ. Màmá á ké tí gbogbo àdúgbò á gbọ́, á wá ní kò dun òun.

“Kí lẹ wá ń ké fún?”

“Ṣé kí n gba irú abẹ́rẹ́ yẹn kí aládùúgbò má mọ̀?”

Nígbà tí ẹsẹ̀ tó wú náà wálẹ̀, àbúrò rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Màmá ní òun á máa gún ara òun. Irọ́ ni, kò gún un. Ẹsẹ̀ ò wú mọ́, kí ni wọ́n tún ń gún? Ọjọ́ tí àbúrò dé, ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà. Ó bá oníbàárà kan tó ń ná bàtà tó dára jù níbẹ̀ ní iye tí kò tó ra okùn rẹ̀.

“Mú un lọ,” ni Màmá wí, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Àbúrò figbe ta: “Ẹ gbà mí o! Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ!”

Lóòótọ́ sì ni. Màmá di àyà mú, èémí rẹ̀ ń já. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, àbúrò sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí Màmá padà lè sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ṣé ó ti gbé bàtà yẹn lọ?”

Kò fo abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ dídì ò rí i mú. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ padà wá, òun ló mú un lọ.

Obìnrin kan yà ní ṣọ́ọ̀bù, tí àbúrò ń bójú tó báyìí, láìpẹ́ yìí, ó ń bèèrè Màmá. Ibi tí wọ́n ti ń fa oògùn jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn ni òun àti Màmá ti mọra.

“Màmá ní kí gbogbo wa na ẹsẹ̀ jáde, kí òun wò ó. Ó ní ọ̀kan nínú tèmi sanra ju èkejì, pé tóun bá jẹ́ ọkọ mi, òun á bèèrè ìdí. Ìbínú ni mo fi lọ fi han dókítà. Àṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀.”

Àbúrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ìyẹn rí. Ó yíjú sí yàrá ẹ̀yìn, ó ti la ẹnu láti pè é, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ́ o!” kó tó rántí.

Ó fa àga fún obìnrin náà. “Ẹ jókòó,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”